Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Yorùbá Kò Lọ́rọ̀ fún Ìpayà àti Ìrẹ̀wẹ̀sì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó kàwé, pàápàá àwọn tó ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní panic àti depression, àti pé èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá wa kò mọ irú ìnira bẹ́ẹ̀ rí. Ohun méjì ni wọ́n dì pọ̀ níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní òótọ́ díẹ̀ nínú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó bá a dọ́gba. Èkejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, mo sì ti fi ojú ara mi rí jàǹbá tó lè ṣe.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ìyá àgbà kan lọ sí ilé ìwòsàn lókè òkun láti bá wọn ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí dókítà béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, Màmá gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n ní, “Àyà mi ń já. Tí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já, ara mi ò sì ní lélẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.” Mo túmọ̀ rẹ̀ pé àyà ń dùn wọ́n. Wọ́n yẹ ọkàn Màmá wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan, wọ́n sì ní kí a máa lọ sílé. Inú bọ́ọ̀sì ni Màmá ti wò mí tìyanu-tìyanu pé, “Ọmọ mi, ṣé mo ní àyà ń dùn mí ni? Àyà mi ń já ni mo wí.” Ó ti pé oṣù méjì tí wọn kò gbúròó ọmọ wọn kan tó wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ tí mo ṣì túmọ̀ yìí dáadáa. Nínú èdè wa, àyà ni ẹ̀rù àti ìgboyà jọ ń gbé. Ẹni tí kì í bẹ̀rù, a ní ó láyà. Nínú ọ̀rọ̀ bí ìjayà, ìfòyà, ìpayà àti ìgboyà, àyà kan náà ló wà ní ìdí gbogbo wọn, ohun tó ṣe é nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tí àyà bá já, lójijì ni, bí ìgbà tí okùn já lọ́wọ́ ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Tí a bá wá sọ pé àyà ń já, a ti sọ pé ohun òjijì yẹn kò dáwọ́ dúró, pé ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra láìsí ìsinmi, ẹyọ sílébù kan ṣoṣo náà ló sì gbé gbogbo ìyẹn. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì kì í sábà wà nínú àyà. Orí ló ń so kọ́ nínú ìsoríkọ́, tí àwọn elétò ìlera ti ń lò báyìí gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn. A tún máa ń sọ pé ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, pé gbogbo ara kú, tàbí pé nǹkan sú wa.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884 lábẹ́ àmójútó Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, mọ èyí dájú. Nínú Sáàmù kejìlélógójì, wọ́n kọ ọ́ pé, “Èéṣe tí orí rẹ fi tẹ̀ ba, ìwọ ọkàn mi? Èéṣe tí ara rẹ kò fi lélẹ̀ nínú mi?” Ìrẹ̀wẹ̀sì ló ṣáájú, àìbalẹ̀ ọkàn ló tẹ̀lé e. Wọn kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dá orúkọ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ka ẹsẹ náà tí kò yé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ara nìkan ni èyí, pé Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àìsàn ara àti ìnira ọkàn. Kí wọ́n wo èdè àwọn ẹlòmíràn. Bí àyà Hausa bá já, yóò ní gabana ya faɗi, ìyẹn ni pé iwájú òun ṣubú. Ará Jámánì máa ń sọ pé ọkàn òun já bọ́ sínú ṣòkòtò. Faransé tí nǹkan sú máa ń sọ pé òun ní aáyán. Gẹ̀ẹ́sì gan-an, tí a fi ń wọn tiwa, fi ọkàn pa mọ́ sínú discourage, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọkàn ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rí i mọ́.

Èrò pé a kò mọ ìsoríkọ́ ní ìtàn, ìtàn náà kò sì dára. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers, dókítà ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde, níbi tó ti sọ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn èèyàn dúdú. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton, dókítà ọpọlọ láti Amẹ́ríkà, kó àwọn èèyàn wọn lọ sí àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1963, wọn kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó dúró fún depression lẹ́nu àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì mọ̀ wọ́n. Ní Zimbabwe lóde òní, kufungisisa, tó túmọ̀ sí ríronú jù lédè Shona, ni àwọn ìyá àgbà tí Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ kan, kọ́ níṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fojú di àyà tó ń dunni. Ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ògbufọ̀ àti àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé òbí lọ sí ilé ìwòsàn ni pé kí wọ́n gbé odindi gbólóhùn náà kalẹ̀ bí aláìsàn ṣe sọ ọ́. Pàápàá jù lọ, bí àgbàlagbà bá sọ pé ayé ti sú òun, kí wọ́n má ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí pé ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èmi àti Màmá padà lọ, mo tún ọ̀rọ̀ wọn sọ bó ṣe rí gan-an, tòun ti fóònù tó ń dún. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n bi wọ́n pé ìpè ta ni wọ́n ń retí.