Ara Rẹ̀ Dá Ṣáká, Wọ́n Ní Kòkòrò Wà Lẹ́dọ̀ Rẹ̀

Ìbéèrè: Àbúrò mi ọkùnrin, Òkè-Sùná n'Ílọrin níbí, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀. Wọ́n ní ó ní hẹpatáítìsì B, àrùn tí kòkòrò kan ń fà sí ẹ̀dọ̀. Kò ṣàìsàn, ojú rẹ̀ funfun báláú. Ṣé àyẹ̀wò náà ò ṣì báyìí?

Ìdáhùn: Ó lè ṣì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti pé ara rẹ̀ dá ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Kòkòrò B lè wà níbẹ̀ fún 20 tàbí 30 ọdún láìsí ibà kankan, kí àpá máa gba ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ló ti kó o? Ọmọ tó wà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni.

Ìdáhùn: Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, tàbí ní kékeré. Ohun tó sì rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí: àgbàlagbà tó bá kó B, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e jáde, àwọn tí kì í bọ́ lára wọn kò tó 5 nínú 100. Ọmọ ìkókó ńkọ́? Nínú 10, bíi 9 ló máa bá a dàgbà. Ọmọ tó bá àlejò nílé lọ́jọ́ tó dáyé, ẹbí ló máa pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ara ìkókó ṣe ń gba kòkòrò yìí láyè.

Abẹ náà wà ńbẹ̀ o. Olóòlà tó fi abẹ kan dádọ̀dọ́ fún ọmọ mẹ́ta, gbẹ́rẹ́, onígbàjámọ̀. B lè wà láàyè lára abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí fún ọjọ́ 7, omi tí wọ́n fi ṣàn án ò sì ní pa á. Ẹ jẹ́ kó tú abẹ tuntun nínú ìwé lójú yín.

Ìbéèrè: Ìyá wa ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá abọ́ padà. B kì í gba inú oúnjẹ. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti abẹ ìfárùngbọ̀n ló yẹ kó dá ní. Hẹpatáítìsì mìíràn wà, A, C, D àti E. Irú A àti irú E ló ń bá omi àti oúnjẹ wọlé, bíi kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá. E sì léwu fún aláboyún. C ń gba inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ oògùn oṣù méjì sí mẹ́ta ń wò ó sàn. D ò lè dá wà láìsí B.

Ìbéèrè: Àgbo ibà pọ́njú ńkọ́?

Ìdáhùn: Hẹpatáítìsì A máa ń lọ fúnra rẹ̀, àgbo á wá gba ìyìn. B kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àgbo mìíràn sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí dókítà wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe rí àti bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò oògùn. Ẹni tó bá nílò rẹ̀, tenofovir wà. Kì í pa kòkòrò tán, ó ń tẹ̀ ẹ́ rì ni, wọn kì í sì dá a dúró láìbi dókítà.

Ìbéèrè: Yìgì yẹn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ so ó. Kí ìyàwó ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta láàárín oṣù 6, kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀mù títí yóò fi pé. 2004 ni abẹ́rẹ́ yìí wọ ètò àjẹsára ọmọdé Nàìjíríà, ìyẹn ni kò fi kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dàgbà. Ọmọ tí wọ́n bá bí, kó gba tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Bí wọ́n bá bí i lóru Jímọ̀, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ Ajé.