Gàrí tó ti gba yanrìn: ìdí tí ẹ̀gbin àwókù ilé fi gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí típà tó dé

Bí Iléyá àti Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àtúnṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Páànù tó ti dípẹtà á sọ̀ kalẹ̀, ògiri á wó, òkìtì á dìde níwájú ilé. Bí wọ́n ṣe ń pe típà àti bí wọ́n ṣe ń ná an kò gba àlàyé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọnú ọkọ̀ ló ṣe pàtàkì.

Èrò kan wà tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́: "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á yà á níwájú." Irọ́ ni. Ẹ wo bàsíà gàrí Ìjẹ̀bú kan. Bí ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan bá dà sí i, kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ kan ló bàjẹ́, odindi bàsíà ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jọ̀ ọ́ á rí i pé ajọ̀ kò mọ gàrí, kò sì mọ yanrìn. Bí nǹkan ṣe tóbi sí nìkan ló mọ̀. Yanrìn tó bá ṣe wẹ́kú hóró gàrí á bá a jábọ́. Bí wọ́n bá bu omi sí i, yanrìn á rì sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gàrí ti wú nìyẹn, kò ṣeé tà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀gbin: ìkọ̀ọ̀kan wọn, ohun kan ṣoṣo ló mọ̀. Irin òòfà á fa irin, kò ní fa bàbà. Ajọ̀ mọ títóbi, omi àti atẹ́gùn mọ ìwúwo. POP sílíìnì tó ti lọ kúnná mọ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, kò sí èyí tó mú un nínú wọn. Káfíńtà tó ń tú sílíìnì nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan.

POP yìí tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Imí ọjọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n bá rì í mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ewé, igi àti oúnjẹ, tí òjò wọ ibẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín á sọ ọ́ di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Gáàsì náà lè pa èèyàn bó bá pọ̀. POP gbígbẹ tó dá wà lọ́tọ̀ kò lè ṣe èyí. Ẹgbẹ́ tó bá kó ló ń sọ ọ́ di ewu.

Ní England, níbi tí wọ́n ti ń háyà àpótí irin ńlá tí wọ́n ń pè ní skip, owó ló ń kọ́ni ní yíyà. Láti oṣù kẹrin 2025 sí oṣù kẹta 2026, owó orí tí wọ́n ń san lórí tọ́ọ̀nù ẹ̀gbin kan tí wọ́n bá rì mọ́ ilẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 126.15. Tó bá jẹ́ erùpẹ̀ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tó mọ́, pọ́n-ùn 4.05 péré ni nígbà náà. Bí igi àti ọ̀rá bá ti wọ̀ ọ́, ó di iye ti àkọ́kọ́, tó jẹ́ ìlọ́po mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀ nígbà náà. Lọ́dọ̀ wa, iye ìgbà tí típà bá lọ ni wọ́n ń kà, yálà ohun tó kó mọ́ tàbí kò mọ́. Àléébù gidi nìyẹn, nítorí kò sí èrè kankan fún ẹni tó bá fara balẹ̀ yà á.

Irin kì í sọnù, nítorí ó ní ẹni tó ń dúró dè é. Àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù á gbé e, iná ìyọ́rin ní Ògijó nílẹ̀ Rẹ́mọ sì wà lára ibi tí irú rẹ̀ ń lọ. Ọgbọ́n ńlá ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jókòó ṣètò rẹ̀. Bátìrì náà ní olùrà, ṣùgbọ́n odindi ni kó kúrò nílé. Ẹni tó bá da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà ti da òjé sí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé lórí.

Amọ̀ ògiri àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀gbin rárá. Erùpẹ̀ ni wọ́n fi mọ Erédò Súngbọ́, odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160, ó ṣì wà níbẹ̀. Amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù fífọ́ tó bá mọ́ á kún ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn. Bí igi bá wà nínú rẹ̀, ikán á jẹ ẹ́, ihò á ṣẹ́ kù sábẹ́ sìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ yàrá á sì rì.

Nínú gbogbo yíyà yìí, sílíìnì asbestos, èyí tí eruku rẹ̀ ń fa àìsàn, ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kí òòlù tó kan ògiri. Wọ́n á fi omi rin ín, wọ́n á tú u ní odindi láìfọ́, wọ́n á fi ọ̀rá líle wé e lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì gbé e sọ́tọ̀. Eruku rẹ̀ tí lébìrà bá fà símú lónìí lè máà di àìsàn títí ogún ọdún ó lé.