Ṣé Lóòótọ́ Ni Wọ́n Gba Ohùn Oòrùn Sílẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Adó-Èkìtì, ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí wa lórí WhatsApp. Ohùn náà ń kùn bí oyin tí ó há sínú àgbá, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohùn oòrùn gan-an ni, tí àwọn òyìnbó gbé ẹ̀rọ lọ gbà sílẹ̀ lójú òfurufú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ní orin àwọn áńgẹ́lì ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń kọ́ físíìsì ní girama ti fèsì pé irọ́ pátápátá ni, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ lóde ọ̀run, màmá wa, tí etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, sì ti ní kí n gbé fóònù náà sún mọ́ etí àwọn dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé àwọn tí ó gbà á gbọ́ ṣì í, ẹni tí ó pè é ní irọ́ náà sì ṣì í.

Kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kankan tí ó gba ohùn oòrùn rí. Ìró kì í dá rìn. Ohun tí yóò gbé e ni ó máa ń wá. Bí wọ́n bá lu ìlù láàfin Ẹ̀wí nígbà ọdún Udiróko, awọ ìlù ni yóò ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn yóò sì ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan etí ẹni tí ó wà ní Òkèṣà. Láàárín àwa àti oòrùn, nǹkan bíi 150 mílíọ̀nù kìlómítà ni, ohun tí ó sì wà níbẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò lè gbé ìró oòrùn dé etí wa. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ bíi tiwa ni ó kún ibẹ̀, ìró yóò rìn fún nǹkan bí ọdún 14 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ rìn ín.

Ṣùgbọ́n oòrùn fúnra rẹ̀ kò ṣófo. Abẹ́ ojú rẹ̀ ń hó bí ògì lórí iná: èyí tí ó gbóná ń ru sókè, èyí tí ó tutù díẹ̀ ń rì padà, ìhó kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà, tí í ṣe bí ìrìn ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò. Híhó yìí ni ó ń bí ìgbì ìró. Bí ìgbì náà bá wọ inú oòrùn lọ, yóò bá ibi tí ó túbọ̀ gbóná pàdé, níbi tí ìró ti ń yára sí i, ibẹ̀ ni yóò ti tẹ̀ kọrọdọ padà sókè; bí ó bá sì dé òkè, níbi tí gáàsì ti fúyẹ́ lójijì, ó tún di dídá padà, bí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣe ń dá ohùn ẹni tí ó kígbe sí i padà. Báyìí ni ìró há sínú oòrùn, tí gbogbo rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí agogo tí a kò dẹ́kun lílù.

Ojú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe etí. Ní ọdún 1960, Robert Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń wo oòrùn láti Mount Wilson ní California, rí i pé ojú oòrùn ń wú, ó sì ń rọ̀, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ ni ó sọ fún wọn. Bí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tí ó ń fun fèrè, ohùn fèrè náà a máa ga. Bí ó bá kọjá lọ, a sọ̀ kalẹ̀. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ń yí díẹ̀ báyẹn, gẹ́gẹ́ bí ojú oòrùn ṣe ń wú bọ̀ wá tàbí tí ó ń fà sẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìlù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo da ẹ̀kúnwọ́ gààrì sí ojú awọ rẹ̀, mo sì ní kí ó máa rọra fi ìka lù ú létí. Gààrì náà ń fò, ó ń pagbo, ó ń tú ká. Màmá kò gbọ́ ìlù náà rárá, ṣùgbọ́n wọ́n tẹjú mọ́ gààrì, wọ́n sì ń mi orí sí ìlù náà láìṣì í. Iṣẹ́ tí SOHO ṣe gan-an nìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 láti máa wo oòrùn.

Níbo wá ni ohùn orí fóònù ti wá? Ìró tí ó rẹlẹ̀ jù tí etí ènìyàn lè gbọ́ ń gbọ̀n nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti oòrùn ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí ó fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po 6,000. Ní Yunifásítì Stanford, Alexander Kosovichev kó ohun tí SOHO rí fún ọjọ́ 40, ó sì mú un yára ní ìlọ́po 42,000 kí etí lè gbọ́ ọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí ń kùn yìí ti jáde. Ìró náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó sọ ọ́ di ohùn.

Òfurufú tí ó yí oòrùn ká ni ó dùn mọ́ mi jù. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bíi 5,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ lọ́hùn-ún ju mílíọ̀nù kan lọ. Níbẹ̀ ni agbára òòfà ti ń tẹ gáàsì gbígbóná bí ọrun, tí òmíràn gùn ju 100,000 kìlómítà lọ. Bí ìbúgbàù bá kàn án, ọrun náà a máa gbọ̀n bí okùn gòjé, ìgbì mìíràn a sì máa gba inú rẹ̀ kọjá bí èémí nínú fèrè. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sheffield sọ ìgbọ̀n wọ̀nyí di ohùn. Láti inú àwòrán ni wọ́n ti fà á yọ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ọmọ náà béèrè ohun tí gbogbo èyí wúlò fún. Mo sọ fún un pé nítorí ìró ń la inú oòrùn já, àwọn onímọ̀ ń fi í mọ̀ bí àbàwọ́n dúdú ńlá bá wà ní ẹ̀yìn oòrùn, kí ó tó yí sí ọ̀dọ̀ wa. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ìjì oòrùn ti sábà máa ń jáde. Ìjì kan ní oṣù Kẹta ọdún 1989 pa iná gbogbo Quebec ní Kánádà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án, lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn.

Màmá ṣì ń wo ìlù náà. Wọ́n bi mí bóyá gààrì ti oòrùn náà ń fò lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tọ̀sán-tòru.