Iyùn tó ń jẹ́ oòrùn, tí kì í jẹ oòrùn

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu láàárọ̀ yìí. Iyùn tí mo rà l'Ékòó yẹn ti kú o. Ó ti padà di òkúta."

Àbúrò mi kan ní Bódìjà ló pè mí. Ọ̀sẹ̀ 3 péré ni iyùn ọ̀hún lò nílé rẹ̀. Ó gbé e sí ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù nínú gíláàsì ẹja rẹ̀, torí ẹni tó tà á fún un ti fi dá a lójú pé iná nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti yọjú wò ó lóru rí. Kò wò ó rí. Mo ní kó má gbé e jù nù, màá yà lálẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a pa iná gíláàsì náà, a sì pa ẹ̀rọ tó ń ru omi rẹ̀. Mo fún omi edé tútù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ "òkúta" yìí, a wá jókòó. Kò tó 20 ìṣẹ́jú tí àwọn kókó orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí ìka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì ń yọ jáde. Mo fi ègé edé kan ọ̀kan nínú wọn. Ìka náà dì í mú, ó rọra fà á wọ ẹnu. Ọmọ ilé náà pariwo: "Dádì, ó ń jẹun!"

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ra irú iyùn yìí mọ̀ nìyẹn: ó ń jẹun. Ẹranko ni. Nílẹ̀ wa, ọrùn ọba, ọrùn ìjòyè àti ọrùn ìyàwó ni a ti mọ iyùn, nígbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, tí wọ́n ti lu ú, tí wọ́n sì ti sín in. Kò yani lẹ́nu bí èèyàn bá rò pé òkúta ni. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ nínú òkun á ní òdòdó ni. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, ibì kan náà ni èrò ọ̀hún ń já sí: fún un ní omi, fún un ní iná, ó parí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣìnà níbẹ̀. Ní ọdún 1706, Luigi Ferdinando Marsili, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, fi iyùn pupa sínú omi òkun, ó rí ohun funfun oníka 8 tó yọ lára rẹ̀, ó sì gbà pé òdòdó ló rí. Nígbà tó yá, Jean-André Peyssonnel, dókítà ará Marseille, wò ó fínnífínní, ó ní ẹranko ni "òdòdó" náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé Paris kò gbà á gbọ́. Réaumur, ọ̀kan lára wọn tó ròyìn ọ̀rọ̀ ọ̀hún, kò tilẹ̀ dárúkọ Peyssonnel, kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀, òun ló sọ òótọ́.

Ìbátan ni iyùn jẹ́ sí ẹran omi rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń ta èèyàn lára nínú òkun. Kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu kan, inú kan, àti ìka yí i ká. Ohun líle tí à ń pè ní òkúta ni egungun tó ń kọ́ sábẹ́ ara rẹ̀. Èké kọ́ ni ọ̀rọ̀ iná náà látòkè délẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ iyùn tó ń gbé ibi tí òkun ò ti jìn ní ewéko tíntìntín nínú ẹran ara wọn, ojú lásán kò lè rí i. Ewéko yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì lè pèsè tó 90 nínú 100 agbára tí iyùn ń lò. Irú wọn ni ẹni tó ta ọjà fún àbúrò mi mọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó tà fún un, Tubastraea ni, kò sì ní ewéko kankan lára. Sun coral ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ìyẹn iyùn oòrùn, orúkọ náà ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Abẹ́ àpáta àti inú ihò tó ṣókùnkùn ló máa ń gbé nínú òkun. Iyùn pupa tí àwọn Potogí ń gbé wá sí etíkun wa láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí wọ́n ń wà nínú òkun Mediterranean, kò ní ewéko yìí pẹ̀lú. Inú òkùnkùn ló ti ń kọ́ egungun rẹ̀, kò sì fi mìlímítà kan sanra láàárín ọdún kan. Ohun tó ń dán lọ́rùn ọba, ẹranko tó ń jẹun lókùnkùn ló kọ́ ọ. N kì í lè wo ẹjigbà ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ kí n má rántí ìyẹn.

Báwo lẹ ó ṣe dá a mọ̀? Ẹ wo egungun rẹ̀: bí ọ̀pá kúkúrú tó lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Ẹran aláwọ̀ ọsàn bo gbogbo rẹ̀, kì í ṣe orí nìkan. Lọ́sàn-án, ó máa ń padé. Ọ̀kan wà tó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, tó yọ ẹ̀ka bí igi, Tubastraea micranthus. Ìyẹn le tọ́jú púpọ̀, n ò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á. Iyùn mìíràn tó ń jẹ́ Dendrophyllia náà jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kan náà ni. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣì mú ni àwọn tó rọ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí bọ́tìnì, tó sì bo òkúta bí ẹní. Zoanthid nìyẹn. Májèlé líle wà nínú àwọn kan lára wọn. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n, ẹ má sì se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀ láéláé. Ooru tó ń rú jáde lára rẹ̀ ti gbé odindi ìdílé dé ọsibítù.

Oúnjẹ ló kù. Edé tútù tàbí ti inú yìnyín ni kí ẹ rà, kì í ṣe edé gbígbẹ tí a fi ń se ọbẹ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kó kéré ju ìrẹsì lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ omi, ẹ fi omi edé náà pè é, kí ẹ sì ní sùúrù fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Sìríǹjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dára fún fífún un lẹ́nu. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fún, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹja bá ń jà á gbà, ẹ gé ìdí ike omi kúrò, kí ẹ fi òkè rẹ̀ dé iyùn náà, kí ẹ máa gba ọrùn ike fún un lóúnjẹ. Tí ebi bá ti ń pa á, ẹran àárín àwọn ọ̀pá náà á máa fà sẹ́yìn, egungun funfun á sì yọ. Kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó máa ń gba oṣù, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó pa á mọ̀ pé ebi ni.

Oúnjẹ yìí máa ń ba omi jẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún gíláàsì ẹja òkun ni kí ẹ lò, iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, kí omi náà wọ̀n tó 1.025 lórí ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi. Ẹ má lo omi òjò tó gba orí páànù kọjá, torí síńkì àti bàbà máa ń pa irú ẹranko yìí. Ooru 24 sí 26°C ló bá a lára. Ní oṣù kejì àti ìkẹta n'Ìbàdàn, ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe ń gbóná. Ẹ kọjú fáànù sí ojú omi, kí ẹ sì máa fi omi tí kò níyọ̀ dí èyí tó bá gbẹ.

Iná ńkọ́? Àbúrò mi ti ń tan jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, kí gílóòbù má baà kú lórí iyùn. Owó epo yẹn ń dùn mí. Iyùn yìí lè wà lókùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi tó dúró gbagidi tí kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀ ló lè pa á, àtòun àtẹja. Ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì ló yẹ kí ẹ rà.

Bí ó bá sú yín, ẹ wá ẹni tí ẹ ó fún. Ẹ má gbé e lọ jù sí òkun l'Ékòó. Tubastraea coccinea, ọmọ òkun Pàsífíìkì, ti dé agbègbè Caribbean láti bí ọdún 1943, ó sì dé Brazil ní àwọn ọdún 1980, lára àwọn ilé ìwapo inú òkun, ibẹ̀ ló ti ń gba ààyè mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Etíkun tiwa náà kún fún irú ilé ìwapo bẹ́ẹ̀.

Ní bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn tó-tò-tó pupa kan ti yọ sára òkúta nísàlẹ̀ iyùn, òun sì kà á, ó jẹ́ 7. Mo ní kó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́, bóyá wọ́n níka. Ó pè mí padà ní aago 9: wọ́n níka, ó sì fẹ́ mọ bí òun ó ṣe gé edé kéré tó.