ADHD: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, àti ohun tó yẹ kí ẹ gbé lọ bá dókítà

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ADHD, ọmọ náà á ti gba orúkọ mẹ́ta: aláìgbọràn lẹ́nu ìyá, olódo lẹ́nu tíṣà, "ara ẹ̀ ò balẹ̀" lẹ́nu ìyá àgbà. Ti ìyá àgbà ló sún mọ́ òótọ́ jù. ADHD jẹ́ ìṣòro nípa bí ọpọlọ ṣe ń darí àkíyèsí àti ara. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí, débi pé bí dókítà bá ń ka àmì rẹ̀, bàbá tó mú ọmọ wá lè máa gbọ́ ìtàn ara rẹ̀.

Apá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni àìfọkànsí: ọmọ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò ní parí rẹ̀, bírò á máa sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ á máa bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èkejì ni àìfarabalẹ̀: á máa dìde nígbà tó yẹ kó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀kẹta ni wàdùwàdù: á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ tíṣà lẹ́nu, kò ní lè dúró kó kàn án nídìí ẹ̀rọ omi, á sáré gba iwájú ọ̀kadà kọjá. "Ṣebí ó lè wo bọ́ọ̀lù wákàtí méjì?" Ó lè wò ó, torí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló ń fà á mọ́ra. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọkàn lọ síbi tí kò dùn, bíi ìṣirò, ló nira fún un.

DSM-5, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, to àmì 18 kalẹ̀: 9 fún àìfọkànsí, 9 fún méjì tó kù lápapọ̀. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 6 nínú 9 ní ọ̀kan nínú àtòkọ méjèèjì yìí. Fún ẹni ọdún 17 sókè, 5 ti tó. Àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6, kí díẹ̀ nínú wọn ti hàn kó tó pé ọdún 12, kí wọ́n máa ba ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí àjọṣe rẹ̀ jẹ́, kí wọ́n sì máa hàn ní ó kéré tán ibi méjì.

Ibi méjì yìí ni wọ́n ń fò jù. Ọmọ tó ń dààmú kíláàsì àmọ́ tó ń fara balẹ̀ nílé, ní ilé kéwú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì náà. Bóyá kò rí pátákó. Bóyá wọ́n ń lù ú. Bóyá òun ló kéré jù níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti kánjú gbé wọ pámárì wọ́ọ̀nù, bí ọmọ ọdún mẹ́rin ló ṣe máa ṣe.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ tó lè sọ pé ADHD nìyí. Bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, nǹkan míì tó jọ ọ́ ló ń wá. Àwọn ohun tó jọ ọ́ kò kéré: etí tí kò gbọ́ dáadáa, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìbẹ̀rù, ọ̀fọ̀, oorun tí kò tó nítorí pé ọmọ ń han-anrun, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì ń dí lóru. Ọmọ tí ibà líle ti mú dákú rí, tàbí tí gìrì ti gbé rí, ẹ sọ fún dókítà.

Èyí tó máa ń tan tíṣà jẹ jù ni wárápá tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ọmọ á dákẹ́, ojú rẹ̀ á ranjú, ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 10 á tún máa bá nǹkan tó ń ṣe lọ, bóyá lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án léjìká. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kàn lọ sájò á padà wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí wárápá mú kò ní dáhùn títí á fi tán lára rẹ̀. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn tí wọ́n ń gbójú fò ńkọ́? Ọmọbìnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, tí àìfọkànsí nìkan ń bá jà, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé. Àgbàlagbà náà wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ mẹ́rin wà nílẹ̀ tí kò parí ọ̀kan. Dókítà á bi í léèrè bó ṣe rí ní kékeré. Ó dára kó gbé rípọ́òtù káàdì pámárì dání tó bá ṣì wà, tàbí kó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan dání.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀. "Ó ń yọ mí lẹ́nu" kò ran dókítà lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìṣirò 10, ó dìde ní ìgbà 6, ó parí 3. Kí tíṣà náà kọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tún fún yín ní fọ́ọ̀mù Vanderbilt, tí ìbéèrè òbí inú rẹ̀ jẹ́ 55, ti tíṣà 43. Nínú àwọn ìbéèrè nípa àmì, 0 ni "rárá", 3 ni "lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà". 2 àti 3 nìkan ni wọ́n ń kà gẹ́gẹ́ bí àmì. Ohun tó sábà máa ń ba fọ́ọ̀mù yìí jẹ́ ni pé ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ. Bí ìyá bá wà ní Èkó tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ, ẹ mú ìyá àgbà lọ, kí wọ́n máa túmọ̀ ìbéèrè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen. Bí wọ́n bá fẹ́ dókítà ọpọlọ fún ọmọdé, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí UCH, Ìbàdàn.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kíkọ́ òbí ní bí wọ́n ṣe máa darí ọmọ ló ṣáájú oògùn. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan: "Lọ pọnmi, gbálẹ̀, kí o wá lọ ra ata" ti di mẹ́ta, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa rántí, bó bá rántí rárá. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó wò yín lójú, kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kó tó lọ. Ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀bùn ọjọ́ Sátidé ti jìnnà jù. Ẹgba náà kì í kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe. Ní kíláàsì ọmọ 60, a kò lè retí kí tíṣà ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ ó lè gbé e síwájú, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó pín ìbéèrè 10 sí ọ̀nà méjì, kó rán an lọ nu pátákó láàárín.

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni methylphenidate. Kì í wo ADHD sàn. Irú rẹ̀ tí kì í pẹ́ lára máa ń ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ó lè dín oúnjẹ kù lẹ́nu ọmọ, ó lè lé oorun lọ. Nítorí náà kó jẹun àárọ̀ dáadáa, kí wọ́n má sì fún un ní ìrọ̀lẹ́ àyàfi bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á wọn ìwúwo, gíga àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì béèrè bí àìsàn ọkàn bá wà nínú ẹbí. Ṣírọ́ọ̀bù tó ń múni sùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì kì í ṣe àfirọ́pò rẹ̀: oorun ló ń kùn ún, kò fún un ní àkíyèsí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ mú ìwé kan náà dání, kí ẹ ti kọ tuntun sí i ní wákàtí kan náà, lórí irú iṣẹ́ kan náà. Bí ìgbà 6 tó ń dìde bá di 2, ìwọ̀n oògùn náà lè ti tó. Bó bá ṣì jẹ́ 6, dókítà á yí ìwọ̀n padà, tàbí kó tún àyẹ̀wò yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.