Ibi tí jíìnì bàbá ti ń kọjá sí ti ìyá

Ẹni tó bá ṣe bàọ́lọ́jì ní Àkúrẹ́ fún ìdánwò WAEC yóò rántí àwòrán yẹn: kúrómósómù méjì, ìyẹn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì (àbùdá tí òbí ń fún ọmọ), fara kọ́ra, wọ́n sì pààrọ̀ ìdí. Àwòrán náà kì í sọ pé kì í ṣe ibi gbogbo ni pàṣípààrọ̀ ọ̀hún ti ń wáyé.

Kúrómósómù 46 lèèyàn ní, méjìméjì lọ́nà 23. Ọ̀kan ti bàbá, ìkejì ti ìyá. Bí ara bá fẹ́ ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, àwọn méjì tó bára mu á so mọ́ra, pùròtéènì kan tó ń jẹ́ SPO11 á sì gé DNA wọn, èròjà gígùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, níbi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ibẹ̀ á kàn jinná ni. Díẹ̀ ló ń di pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n méjì tí kò bá ṣe é rárá lè ṣòro pín dáadáa, ọmọ á sì ní kúrómósómù tó lé tàbí tó dín.

Ọkọ̀ kì í sọdá sí apá kejì ọ̀nà Ọba Adésídà àfi níbi tí wọ́n bá ti ṣí àárín sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni DNA wa. Ojú ibi tó ṣí kò ju nǹkan bí lẹ́tà (ẹyọ kéékèèké tó so pọ̀ di DNA) 1,000 sí 2,000 lọ. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ rí pùròtéènì tó ń yàn án, PRDM9. Ó ń ka bí lẹ́tà DNA ṣe tò, á sàmì síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọn á sì gé. Oríṣi PRDM9 pọ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé àwọn ojúbodè kan ń ṣiṣẹ́ lára àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn ará Yúróòpù.

Pàṣípààrọ̀ inú ẹyin obìnrin pọ̀ ju ti inú àtọ̀ lọ. Ti ọkùnrin fẹ́ràn ìpẹ̀kun kúrómósómù. Ibi tí kúrómósómù ti fún ní ìbàdí ńkọ́? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ajá, àní èyí tí wọ́n fi ń bọ Ògún ní Òǹdó, PRDM9 tirẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, ó sì ń bímọ wọ̀ǹtì-wọnti. Akọ eku inú ilé-ìwádìí tí wọ́n bá yọ ọ́ lára rẹ̀, ó sábà máa ń yàgàn. Ẹ̀gbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì ni pàṣípààrọ̀ ti ajá sábà máa ń wà, kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀. Tiwa kì í pẹ́ ṣípò: ìwọ̀nba díẹ̀ ni ojúbodè èèyàn tó bá ti ìnàkí mu.