Hóró párásítámọ́ọ̀lù kan ti tó pa ológbò

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan sáré gbé ológbò rẹ̀ wá bá èmi dókítà ẹran láti Ìlódè. Ara ẹran náà gbóná lálẹ́, ni wọ́n bá fún un ní ààbọ̀ hóró párásítámọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti ṣú bí ìgbà tí èèyàn jẹ obì, ó sì ń mí gúlegúle.

Ìfẹ́ ló mú ìyá náà ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára tí ẹ̀dọ̀ èèyàn ní láti pa oògùn yìí dà. Ṣe ni ó máa ń di májèlé, tí yóò sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́. Hóró 500 mg kan ṣoṣo lè pa ológbò tó ti dàgbà. Oògùn tó ń gbógun ti májèlé náà wà, àmọ́ bí wákàtí bá ti ń kọjá ni agbára rẹ̀ ń dín kù, nítorí náà, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ní ti ajá, ibuprofen àti diclofenac, oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò, ni mo ń bẹ yín lé lórí: wọ́n máa ń dá egbò sí i nínú, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ajá tó jẹ ẹ́ bá ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ gbé e wá kíákíá.

Abẹ́rẹ́ ivermectin tí àwọn èèyàn ń rà torí eégbọn, màlúù ni wọ́n ṣe é fún: mílílítà 1 fún kílò 50. Ajá kílò 10 ńkọ́, tí a kàn fi ojú wọn oògùn fún? Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì lè fọ́. Irú ajá kan tí wọ́n ń pè ní Collie tiẹ̀ wà tí ìwọ̀nba tí ajá mìíràn gbà lè pa á. Ẹ gbé ajá yín dání, ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò, kí ẹ sì sọ iye kílò rẹ̀ fún dókítà ẹran kó tó kọ oògùn.

Bí ajá tàbí ológbò yín bá ti gbé májèlé mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kì í pa májèlé. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Páálí oògùn ni kí ẹ mú dání wá. Páálí tí ìyá Ìlódè mú wá ni mo fi mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, ológbò náà sì ti ń jẹun báyìí.